Bí mo ṣe kó ọgbọ́n ìkọ́ni bọ̀ láti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́

Olùkọ́ páírímárì ni mí n'Íbàdàn, kíláàsì kejì ni mò ń kọ́. Tí wọ́n bá ti kéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé ṣé sátífíkéètì máa wà, ṣé wọ́n máa san owó ọkọ̀, kí ni wọ́n sì máa sè. N ò bá ẹnikẹ́ni wí. Sátífíkéètì ní iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìrẹsì náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èyí tí mo lọ nínú ìsinmi tó kọjá ń bọ̀, ní gbọ̀ngàn kan lápá Agodi, mo pinnu pé ohun tí mo bá gbọ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì, kò ní í lọ sùn sínú fáìlì.

Ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ìwé ètò ẹ̀kọ́ sáà tuntun sílẹ̀, mo wá àwọn ibi tó máa ń dá mi lágara lọ́dọọdún, mo sì sọ wọ́n di ìbéèrè. Báwo ni mo ṣe máa kọ́ ọmọ tí ogún kò tíì dá lójú ní ìyọkúrò? Kí ni mo máa ṣe sí àwọn ará ẹ̀yìn tí kì í dáhùn ohunkóhun? Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tí ẹ̀kọ́ ò yé kí aago ìsinmi tó lù? Lẹ́yìn náà ni mo fa ìlà sójú ìwé, mo pín in sí mẹ́ta: ohun tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe, ohun tó máa ná mi, àti ẹ̀kọ́ pàtó tí mo máa lò ó fún. Ọwọ́ ìkẹta yìí ni adájọ́. Tí n ò bá rí ẹ̀kọ́ kankan kọ síbẹ̀ kí wọ́n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà, mo máa fa igi lé e lórí ni.

Igi tí mo fà pọ̀. Wọ́n fi fídíò tó dára hàn wá lára ògiri, ṣùgbọ́n ìgbà tí NEPA bá fẹ́ ni iná ń dé ọ̀dọ̀ tiwa. Wọ́n ní kí a pín kíláàsì sí igun mẹ́rin kí àwọn ọmọ máa rìn láti igun kan sí èkejì. Àga tiwa, òun àti tábìlì ni káfíńtà kàn pọ̀, àwọn ọmọ sì lé ní àádọ́ta. Ta ló fẹ́ rìn gba ibo kọjá?

Èyí tó mú mi lọ́kàn jù kò ná mi ní kọ́bọ̀. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ Mary Budd Rowe, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ṣèwádìí nípa bí olùkọ́ ṣe ń bèèrè ìbéèrè, láàárín àwọn ọdún 1970. Ó rí i pé tí olùkọ́ bá bèèrè ọ̀rọ̀, kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ tó fi máa pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Tó bá dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn àwọn ọmọ máa ń kún sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà á sì máa dá sí i. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tiwa kì í jẹ́ kí ìbéèrè parí tí "Àǹtí, èmi! Àǹtí, èmi!" fi máa gba afẹ́fẹ́ kan. Ẹni tó bá mọ kíláàsì kejì n'Íbàdàn mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá 3 yẹn, iṣẹ́ ńlá ni.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo gé kádíbọ́ọ̀dù wẹ́wẹ́, mo kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí i, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Tí mo bá bèèrè ìbéèrè, ọwọ́ gbogbo wọn á wà lórí orúnkún. Mo máa ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú mi, kí n tó fa orúkọ kan yọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó máa ń pariwo bínú sí agolo náà gidi. Àwọn ará ẹ̀yìn ló yà mí lẹ́nu: nígbà tí wọ́n rí i pé orúkọ àwọn náà lè jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìbéèrè. Orúkọ tí mo bá fà, mo máa ń dá a padà sínú agolo, nítorí ọmọ tó bá mọ̀ pé tòun ti jáde á fẹyìn ti ògiri.

Ọ̀nà kejì ni kí ọmọ kọ́kọ́ dá rò ó, kó sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó wá sọ fún gbogbo kíláàsì. Frank Lyman, ará Amẹ́ríkà náà, ló gbé e jáde ní 1981. Àwọn ọmọ àga iwájú ni mo kàn ń ní kí wọ́n yíjú sẹ́yìn.

Ìyá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni mo bá jókòó nígbà oúnjẹ. Wọ́n ti kọ́ wa ní oríṣi àtẹ́wọ́ tí a máa fi pa kíláàsì lẹ́nu mọ́. Mo bi í pé, "Màmá, ṣé àtẹ́wọ́ yìí ń ṣiṣẹ́ fún yín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ijó ni àwọn tèmi máa ń sọ ọ́ dà. Ààlọ̀ o ni mo máa ń pè." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí mo bá pe "Ààlọ̀ o!" báyìí, wọ́n á dá mi lóhùn "Ààlọ̀!", wọ́n á sì dákẹ́, nítorí wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tó kàn.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo fi ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, wọ́n rán wa létí ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ páírímárì fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí èsì ìbéèrè mi lórí ìyọkúrò. Ọmọ tó ń pe mẹ́rìndínlógún ti ń yọ mẹ́rin kúrò nínú ogún lẹ́nu, kò kàn mọ̀ ni.

Mo lọ bá ìyá tó ń ta mínírà ládùúgbò wa pé kó bá mi tọ́jú ìdérí ìgò. Mo fọ̀ wọ́n, mo fi òòlù tẹ etí wọn pẹlẹbẹ nítorí ó lè gé ọmọ lọ́wọ́, mo wá dì wọ́n ní ogún ogún sínú ọ̀rá. Àga kọ̀ọ̀kan gba ọ̀rá kan. "Ẹ tú u. Ẹ kà á. Ẹ yọ mẹ́rin sápá kan. Mélòó ló kù?" Wọ́n kà á: mẹ́rìndínlógún. Mo kọ 20 − 4 = 16 sójú pátákó. Mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún àti mọ́kàndínlógún kò gbà mí ní àlàyé mọ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìkan ló fẹ́ jà, nítorí "dín" inú rẹ̀ ò hàn sétí ọmọdé, ìdérí la fi yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ o: láti mẹ́rìnlá padà sí mọ́kànlá, àròpọ̀ sórí mẹ́wàá ni.

Nígbà tó yá, mo pa àlọ́ Òrúkú tindí tindí, tó bí igba ọmọ tí gbogbo wọn lé tìróò. Ẹ̀wà ni wọ́n pariwo, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Mo wá ní, "Ó dáa, ọ̀rá mélòó ló máa pé igba?" Wọ́n ń gbé ọ̀rá jọ láti àga dé àga títí ó fi di mẹ́wàá. 10 × 20 = 200, a ò tíì dé orí ìsodipúpọ̀ nínú ìwé rárá.

Ti mímọ ẹni tí ẹ̀kọ́ ò yé, bébà ni wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn sí kó tó jáde. Owó bébà yẹn ò sí. Ẹnu ọ̀nà ni mo ń dúró sí, ìlà àga kan lóòjọ́, ọmọ kan ìbéèrè kan. Ẹni tí kò bá gbà á á dúró tì mí, á gbọ́ ìdáhùn lẹ́nu ẹni tó tẹ̀ lé e, á sì tún un sọ kó tó lọ.

Mo ti sọ èyí tó ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ìpàdé olùkọ́. Olùkọ́ kíláàsì kìíní ti ń yá ìdérí mi lò. Ti kíláàsì karùn-ún ní ìdá ni wàhálà tòun, ìdérí ìgò ò sì ṣe é gé sí mẹ́rin. Mo ti kọ ìyẹn sí òkè ìwé ìbéèrè tí mo máa mú lọ sí èyí tó ń bọ̀.