Kókó Inú Ìfun: Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe Kí Kámẹ́rà Dókítà Lè Rí I

Bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìgbẹ́ jáde, jẹ̀díjẹ̀dí la máa ń pè é, àgbo la sì ń wá sí i. Nígbà mìíràn jẹ̀díjẹ̀dí ni lóòótọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kókó ẹran tó hù sára ìfun ńlá ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Púpọ̀ nínú kókó wọ̀nyí, tí àwọn dókítà ń pè ní pólíìpù, kì í dunni rárá. Díẹ̀ nínú wọn ló ń di jẹjẹrẹ, ó sì sábà máa ń tó ọdún 10 kí ó tó dà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè gé e kúrò lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀pá rírọ̀ tín-ín-rín tó ní kámẹ́rà lórí ni wọ́n fi ń wò ó, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní kolonósíkópì. Ojú ìdí ni wọ́n ń gbà tì í wọlé. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í ríran gba inú ìgbẹ́. Nítorí náà, ilé yín ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ ṣe àyẹ̀wò náà, ẹ bi dókítà bóyá kí ẹ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ (èyí tó ní èròjà irin, tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i) dúró, torí ó ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́, kò sì gbọdọ̀ dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀.

Bó bá ku ọjọ́ 3, ẹ yẹra fún ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, ilá àti ẹ̀fọ́. Ìrẹsì funfun, ẹyin àti ẹja kò burú. Ní ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, ohun mímu tó mọ́ gaara nìkan ni: omi, tíì tí kò ní mílíìkì, omi ẹran tí wọ́n sẹ́. Ẹ̀kọ mímu kò sí lára rẹ̀, bó ti wù kó ṣàn tó. Sóbò náà kò sí níbẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ẹ̀jẹ̀.

Oògùn tó ń fọ ìfun, bí wọ́n bá ní kí ẹ pín in sí méjì, ẹ mu ìdajì lálẹ́, kí ẹ mu ìdajì yòókù ní wákàtí 4 sí 6 ṣáájú àyẹ̀wò. Ìdajì kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, torí ó lè gba pé kí èèyàn jí ní ìdájí. Òun gan-an ló sì ń fọ apá ọ̀tún ìfun, níbi tí kókó pẹlẹbẹ tó ṣòro láti rí ti wọ́pọ̀. Kò dùn lẹ́nu, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bó bá tutù, ó ń ṣeé gbé mì. Ohun tó ń jáde gbọ́dọ̀ dà bí ìtọ̀, láìsí èérún. Àgbo kò lè rọ́pò oògùn yìí.

Ẹ bi dókítà náà léèrè iye ìṣẹ́jú tó fi ń wo ìfun, àti bó ṣe ń rí kókó sí. Ìgbà tó bá ń fa ọ̀pá padà ló ń wá kókó, kò sì yẹ kí ó kéré sí ìṣẹ́jú 6. Ní Amẹ́ríkà, 8 ni wọ́n ń lé báyìí. Nínú èèyàn 100 tó ń yẹ̀ wò, mélòó ló ń rí kókó tó lè di jẹjẹrẹ lára wọn? Àfojúsùn Amẹ́ríkà ni 35, fún ẹni ọdún 45 sókè. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 láti California, lórí àyẹ̀wò tó lé ní 300,000, fi hàn pé bí iye yìí bá fi 1 pọ̀ sí i lọ́wọ́ dókítà, ewu jẹjẹrẹ ìfun fún àwọn tó yẹ̀ wò ń fi ìdá 3 nínú 100 dín kù. Ilé ìwòsàn mìíràn ní kọ̀ǹpútà tó ń fa ìlà yí ibi tó bá fura sí ká. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ń dí òun náà lójú.

Bí wọ́n bá ní ìfun yín kò mọ́ tó, ẹ má ṣe ka “a kò rí nǹkan kan” sí èsì. Ẹ tún un ṣe kí ọdún kan tó pé. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ ìfun, ọdún 40 ni kó ti bẹ̀rẹ̀, tàbí kó fi ọdún 10 ṣáájú ọjọ́ orí tí ti ẹbí náà bẹ̀rẹ̀, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé.