Bí Mo Ṣe Jókòó ní Ṣómólú Bá Àbúrò Mi Yan Ọjọ́ Tó Máa Gba Orí Òkè Kọjá ní Kánádà

Kánópì àti àga ni mo fi ń háyà ní Ṣómólú. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ fi ojú ọjọ́ ṣeré láti ìparí oṣù Kejì lọ. Ìgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ àti afẹ́fẹ́ olómi tó ń ti orí òkun bọ̀ máa ń du ojú ọ̀run Èkó mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àárọ̀ á mọ́ kedere. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìjì á ti ṣáájú òjò dé. Lọ́dún kan, ìjì oṣù Kẹta gbé kánópì mi mẹ́ta kúrò lórí àwọn àlejò, ó sì ká irin wọn kò bí ẹni ká bẹ́líìtì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yẹ ojú ọjọ́ wò lórí fóònù láràárọ̀ kí n tó bu omi sójú.

Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Vancouver fi pè mí lálẹ́ Ọjọ́rú kan lóṣù Kejì. Ó ti rí iṣẹ́ tuntun ní Kelowna, ọjọ́ Ajé ló sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìrìn náà tó bíi 390 kìlómítà, òun nìkan ló sì máa wakọ̀. Ó fẹ́ gbéra lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má mikàn, òjò lásán ló ń rọ̀ níbí, kò sí yìnyín kankan nílẹ̀."

Òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n etí òkun ló dúró sí tó ń sọ ọ́, orí òkè ló sì ń lọ.

Mo mú ìwé tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà, mo kọ àwọn ìlú tó máa gbà sí i ní ìtẹ̀léra: Abbotsford, Chilliwack, Hope, Merritt, Kelowna. Lẹ́yìn Hope ni ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Coquihalla ti ń pọ́nkè. Ibi tó ga jù lórí rẹ̀ fi 1,244 mítà ga ju ojú òkun lọ. Tó bá kọjá Merritt tó yà sí ọ̀nà 97C, Pennask tún ń dúró dè é, ìyẹn 1,728 mítà.

Ìṣirò tó wà níbẹ̀ kò le, òun ni mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní èèyàn lápá ibẹ̀ mọ̀. Nínú 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan téèyàn bá gùn, ooru máa ń fi nǹkan bíi dígírì 6.5 lọ sílẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ fún Vancouver jẹ́ dígírì 7. Mo yọ ọ́: lórí Coquihalla, ó ti fi dígírì 1 wọ ìsàlẹ̀ òdo, ìyẹn ibi tí omi ti ń dì, lórí Pennask, ó ti fi 4 wọ̀ ọ́. Ìkùukùu kan náà ni o. Ohun tó jẹ́ òjò lórí orúlé àbúrò mi, yìnyín ni lójú ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Mo wá ní kó yéé wo orúkọ ìlú nínú àsọtẹ́lẹ̀, kó máa wá ibi tí wọ́n bá kọ gíga tí omi ti ń dì sí. Tó bá wà ní 2,000 mítà, òjò ni yóò bá dókè. Tó bá já sí 600, gbogbo òkè náà ti funfun.

Nígbà tí òtútù ń lọ sópin yìí, gíga náà kì í dúró sójú kan. Afẹ́fẹ́ olómi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lè ti apá Hawaii dé lónìí kó gbé e sókè, kí afẹ́fẹ́ tútù tún fà á wálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Òjò irú afẹ́fẹ́ Hawaii yẹn ló ya lu ibẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tí omi gbé afárá àti títì lọ lójú ọ̀nà Coquihalla. 20 oṣù Kejìlá ni ọkọ̀ akẹ́rù ṣẹ̀ṣẹ̀ tún rí ibẹ̀ gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ó kan táyà. Mo ní kó ya àwòrán ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Òfin ibẹ̀ ni pé láti 1 oṣù Kẹwàá títí di 30 oṣù Kẹrin, táyà tó bá máa gba irú òkè yẹn gbọ́dọ̀ ní àmì M+S (ìyẹn ẹrẹ̀ àti yìnyín), tàbí àmì òkè olórí mẹ́ta tí àwòrán yìnyín wà láàárín rẹ̀, kí eyín rẹ̀ má sì dín sí 3.5 mílímítà. Àmì wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ àwòrán náà tóbi, mo rí i pé eyín táyà méjì iwájú ti jẹ tán láàárín, bíi ti bàtà ẹni tó ń fẹsẹ̀ wọ́. Ó ní ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún òun búra pé táyà tuntun ni. Nígbà tí wọ́n máa wọ̀n ọ́, 3 mílímítà péré ló kù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló pààrọ̀ wọn.

Ó ti gbà kó tó dìgbà yẹn pé òun ò lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ́. Mo wo kámẹ́rà DriveBC, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba tó ń fi àwọn ọ̀nà ibẹ̀ hàn: tírélà tò gbọọrọ, iná ẹ̀yìn wọn pọ́n kúkú nínú yìnyín, mi ò sì rí ìlà ojú títì kankan. Mo fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí i láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ìjì náà lọ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó fẹ́ gbéra ní aago 5 ìdájí ọjọ́ Àìkú, mo ní rárá. Bí ojú ọ̀run bá ṣí lóru lẹ́yìn ìjì, omi tó wà lójú títì á tún dì, á sì dán débi pé ojú ò ní rí i. Mo ní kó jẹ́ kí oòrùn ràn sí i ná, kó kúrò ní aago 10, kó lè ti sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé oòrùn máa ń tètè wọ̀ níbẹ̀. Ó rọ epo kún táńkì, ó kó bùláńkẹ́ẹ̀tì, omi, oúnjẹ àti ṣọ́bìrì sẹ́yìn ọkọ̀.

Èkó fi wákàtí mẹ́sàn-án ṣáájú Vancouver lásìkò yẹn, nítorí náà aago 7 alẹ́ ló gbéra lọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n ti mú iná lọ. Mo fi fóònù sórí páwà báǹkì, Màámi jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ooru mú, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Bí àwòrán kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan bá ti yí padà, mo ń ka ohun tí mo rí fún Màámi. Ní Hope, òjò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lórí Coquihalla, títì dúdú tó tutù, òkìtì yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ga ju ọkọ̀ lọ. Ní Pennask, nǹkan funfun ṣì ń bọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ipa táyà hàn ketekete. Láti aago 10 ààbọ̀ ni a ò ti gbúròó rẹ̀. Màámi ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń ká etí ìró rẹ̀ lọ́wọ́.

Aago 12 òru fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá kó tó pè. Ó ní, "Àǹtí mi, mo ti wọ Kelowna. Oòrùn ń ràn níbí o, ilẹ̀ gbẹ." Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn òkè tó gùn yẹn ló ti gba omi náà sílẹ̀. Màámi dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn.