Bí ẹ ṣe lè wọn òṣì láìbéèrè owó oṣù ẹnikẹ́ni

Ẹ má wulẹ̀ béèrè "èló ló ń wọlé fún yín", ta ló máa sọ òótọ́? Ẹlòmíì tó ń tajà gan-an ò mọ iye tóun ń jẹ lérè. Láti 2010 ni àwọn OPHI, tí wọ́n ń ṣèwádìí nípa òṣì ní Yunifásítì Oxford, pẹ̀lú UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, ti ń lo MPI, ìyẹn òṣùwọ̀n òṣì tó ń wo ìlera, ẹ̀kọ́ àti bí ilé ṣe rí, nǹkan tí ilé kan ò ní ni wọ́n ń kà, ẹ̀yin náà lè fi ìwé àti báírò ṣe é ládùúgbò yín.

Ẹ jẹ́ ká pè é ní máàkì 18. Tí àìjẹunkánú bá ń bá ẹnì kan jà nínú ilé, ẹ kọ 3 (ẹ má fojú wò ó o, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wọn bó ṣe ga àti bó ṣe wúwo). Tí ọmọ tí ò tíì pé 18 bá kú níbẹ̀ láàárín ọdún 5, 3, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má béèrè eléyìí lójú èrò. Tí ò bá sẹ́nì kankan tó kàwé tó ọdún 6, 3. Tí ọmọ tó yẹ kó wà ní sùkúù ò bá lọ, 3. Ìyókù, 1-1: igi tàbí èédú ni wọ́n fi ń dáná, ilé ìgbẹ́ ò dáa tàbí àwọn àti ará ilé míì ló jọ ń lò ó, kò sómi tó mọ́ tàbí ó jìn tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ àtàlọ àtàbọ̀, kò síná, erùpẹ̀ ni ilẹ̀ yàrá, wọn ò ní mọ́tò, wọn ò sì ní ju ẹyọ kan lọ nínú rédíò, fóònù, fíríìjì, ọ̀kadà àti irú wọn (méjèèjì pa pọ̀ ni 1).

Ilé tó bá ti gba 6, tálákà ni gbogbo ará ibẹ̀. Bàbá kan lè máa gba owó oṣù nínú face-me-I-face-you n'Íbàdàn, àmọ́ ṣáláńgá àjọlò (1), èédú (1), iná tí wọ́n ti gé (1), ọmọ ọdún 10 tó ti kúrò ní sùkúù (3), ó ti pé 6 nìyẹn.

Ẹ wá ka orí èèyàn, kì í ṣe ilé. Ká ní èèyàn 20 nínú 50 ni tálákà, 40% nìyẹn, tí máàkì àwọn tálákà yẹn bá jẹ́ 9 nínú 18 ní ìpíndọ́gba, ìdajì ni, ẹ fi ìdajì yẹn sọ 40% di púpọ̀ (0.40 × 0.50): 0.20, MPI yín nìyẹn. Ibi tó dùn jù nìyí, torí tí iná bá dé ilé tálákà kan tí òṣì ò tíì kúrò níbẹ̀, 40% yẹn ò ní yí, àmọ́ 0.20 máa wálẹ̀.

Ti NBS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò ní Nàìjíríà, lọ́dún 2022, 63% ló jáde, mílíọ̀nù 133 èèyàn, nígbà tí ti owó nìkan tí wọ́n ṣe ní 2018/19 jẹ́ 40%. Nínú ti 2022 yẹn, Òǹdó 27%, Sókótó 91%. Ṣùgbọ́n nǹkan 15 làwọn NBS kà, wọ́n fi iṣẹ́ àti àjálù kún un, torí náà ẹ má gbé máàkì 18 yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.