Bí A Ṣe Sọ Bíráùn Di Gíríìnì ní Ìkẹ́rẹ́

Ihò mẹ́sàn-án ló wà ní pápá gọ́ọ̀fù tí Olóyè kan là sẹ́yìn oko rẹ̀ ní ẹ̀bá Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Tí ẹ bá dúró síbi ihò kẹta, Òkè Olósùnta ni ẹ óò máa wò lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, kò sí gíríìnì kankan, ìyẹn ojú ilẹ̀ olóríko kúkúrú tó yí ihò ká. Bíráùn ni gbogbo wọn: iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, tí kádì, ẹni tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ gbé báàgì ọ̀pá gọ́ọ̀fù, á fi irin pẹlẹbẹ wọ́ ojú rẹ̀ kó lè dán kí ọ̀gá rẹ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò. Olóyè ní, "Òórùn ọ́ìlì yìí ti sú mi. Bá mi gbin koríko sí i." Mo dáhùn pé oṣù mẹ́rin á tó. Oṣù mọ́kànlá ló gbà.

Ẹni tí kò gbá gọ́ọ̀fù lórí bíráùn rí lè rò pé ẹwà lásán là ń wá. Rárá o. Lórí bíráùn, bọ́ọ̀lù tó bá já láti òkè, ibi tó já sí náà ló máa ń kú sí. Bí kádì bá ti wọ́ ojú iyanrìn tán, ọ̀nà tààrà ló kù: ẹ wo ihò, ẹ gbá a. Koríko kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù á ta, á yí, á tẹ̀lé ibi tí ilẹ̀ dà sí, kódà á tẹ̀lé ìhà tí ewé koríko dojú kọ. Eré mìíràn pátápátá ni.

Omi ni mo kọ́kọ́ bá wọ̀jà. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, amọ̀ inú rẹ̀ sì pọ̀. Mo gbẹ́ kòtò kan tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, mo da omi korobá kan sí i láàárọ̀; nígbà tí mo padà débẹ̀ nírọ̀lẹ́, omi ṣì wà níbẹ̀. Gbòǹgbò koríko tó bá ń mu irú omi bẹ́ẹ̀ á jẹrà ni. Ìlànà tí USGA, àjọ gọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà, ti gbé jáde láti 1960 ni mo wá tẹ̀ lé: páìpù oníhò nísàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ínǹṣì 4 lé e, kí iyanrìn ínǹṣì 12 wá bò ó.

Iyanrìn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Típà mẹ́ta ti dà á sílẹ̀ kí n tó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ike omi, mo pọn omi sí i, mo mì í dáadáa, mo gbé e sórí fèrèsé di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ tó nípọn bí àtàǹpàkò mi ti tòrò lé iyanrìn lórí. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé iyanrìn ni iyanrìn ń jẹ́. Ó dùn mí gan-an, nítorí owó ti kúrò lọ́wọ́ mi. A kó o fún àwọn bíríkìlà Olóyè, a sì lọ wa iyanrìn odò tó mọ́.

Koríko Bahama la gbìn, nígbà tí òjò ti dúró dáadáa lóṣù karùn-ún. Ihò mẹ́ta mẹ́ta la ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kí eré má bàa dúró. Ọwọ́ la fi ń tu èpò, pàápàá èyí tí igi rẹ̀ ní igun mẹ́ta, tí kóró rẹ̀ máa ń há sílẹ̀ tí á tún hù.

Ihò karùn-ún ni mo ti ṣàṣìṣe. Mo jẹ́ kí gíríìnì ibẹ̀ da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó lè wuyì lójú. Nígbà tí koríko ṣì ga, kò sẹ́ni tó fura, torí koríko ń fà bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. A wá gé e kúrú. Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún rọra ta bọ́ọ̀lù láti òkè. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ó sì yí títí ó fi bọ́ sínú igbó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bàbá gbìyànjú. Ó ti ọ̀pá bọnú báàgì, ó lọ sílé láìsọ̀rọ̀. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mo fi lẹ́fẹ́lì bíríkìlà wọn ilẹ̀: láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10, ó ti wálẹ̀ ní ínǹṣì 7. Tí ó bá ti lé ní ínǹṣì 4 níbi tí ihò wà, ìyà ni. A hú koríko yẹn kúrò, a gé ilẹ̀ wálẹ̀, a tún un gbìn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń sáré. Edward Stimpson, agbágọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, ló ronú kan ohun èlò tí a fi ń wọ̀n ọ́n ní 1935. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí jẹ́ ọ̀pá tó ní ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà yí, ó sì gùn ní ínǹṣì 36. Mo ní kí ẹni tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ní Adó gé irú rẹ̀ fún mi. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀, ẹ máa gbé orí rẹ̀ sókè títí bọ́ọ̀lù á fi yí wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ wá wọn ibi tó dúró sí. Ẹsẹ̀ bàtà 5 la kọ́kọ́ rí. Ó ti di 7 báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ kó yá bíi ti orí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n n kò ní ṣe é. Àwọn àgbà ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì ti ń gbádùn ara wọn. Bàbá náà ti padà wá, ọjọ́ Sátidé kì í kọjá kó má dé.

Ihò kẹfà ló kù. Igi tíìkì mẹ́rin ṣíji bò ó láti àárọ̀ di ọ̀sán, koríko ibẹ̀ sì fọ́nká, kò dì. Olóyè àti bàbá rẹ̀ ló jọ gbin àwọn igi náà, ìdí nìyẹn tí n kò tíì fi lè sọ pé ká gé wọn. Ẹ̀ka ìhà ìlà oòrùn nìkan ni mo fẹ́ tọrọ. Lọ́sẹ̀ yìí ni màá lọ bá Olóyè.