Kí ìrì tó ba irin ìhòòhò: bí mo ṣe ń kun epoxy sára ọkọ̀ àtijọ́

Ilẹ̀kùn Peugeot 404 kan ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ni, irú èyí tó máa ń kó èrò àti ẹrù láti Kétu wá sí Àjàṣẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. A ti fi afẹ́fẹ́ àti iyanrìn họ gbogbo ọ̀dà àti ìpẹtà ara rẹ̀ dànù, irin náà wá funfun bí eérú. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo ní kí a fi epoxy, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ alápòpọ̀ méjì tó ń dì mọ́ irin, di ọ̀la. Ọmọ iṣẹ́ mi fi ọwọ́ lásán gbé ilẹ̀kùn náà kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìka márààrún rẹ̀ ti yọ lára irin, ó pupa fòò, bí ìgbà tí ènìyàn bá ki ọwọ́ bọ osùn tó sì fi tẹ ògiri. Iyọ̀ inú òógùn ló ṣe é. Mi ò bá ọmọ náà wí, torí èmi ọ̀gá ni kò yẹ kí n jẹ́ kí irin sùn síta láìbò.

Irin tí a bá họ báyìí, ojú rẹ̀ á rí ṣákaṣàka bíi ti sáńpépà. Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀dà dì í mú nìyẹn, òun náà ló sì ń jẹ́ kí omi rí ibi fara pamọ́ sí. Etí ọ̀sà ni Àjàṣẹ́ wà, afẹ́fẹ́ wa kì í gbẹ. Ẹ má họ ju ohun tí ẹ lè kùn lọ́jọ́ kan náà lọ. Ìwọ̀nba ni èmi ń họ láàárọ̀: ilẹ̀kùn méjì, tàbí bónẹ́ẹ̀tì nìkan. Bónẹ́ẹ̀tì àti òrùlé fẹ́lẹ́, ẹ dín agbára afẹ́fẹ́ kù níbẹ̀, ẹ má sì dúró lójú kan, kó má baà wọ́. Ẹ má lo iyanrìn odò. Eruku rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá iyanrìn tó sá pamọ́. Ó máa ń wọ inú ìṣẹ́po etí ilẹ̀kùn, ó sì ń wọ abẹ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ fi igi gbá a jẹ́jẹ́, ẹ tún fẹ́ ẹ, títí ohunkóhun kò fi ní jáde mọ́. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, afẹ́fẹ́ gọ́ọ̀nù tí a fi ń fín ọ̀dà á lé e jáde sórí ọ̀dà tútù. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ pàápàá lè máa tu omi: ẹ fẹ́ ẹ sójú dígí gbígbẹ fún ìṣẹ́jú kan. Bí dígí bá rin, ẹ tú omi inú táǹkì rẹ̀ dànù kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Níbi tí irin bá ti ń pupa, ẹ fi sáńpépà 80 fá a títí yóò fi padà dà bí eérú. Mi ò fẹ́ràn ásíìdì tí wọ́n fi ń pa ìpẹtà, torí èyí tó bá ṣẹ́kù sínú irin kò ní jẹ́ kí epoxy mú dáadáa.

Ẹ fi omi tí a ṣe fún yíyọ ọ̀rá ara ọkọ̀ nu gbogbo rẹ̀. Aṣọ funfun méjì ni: ọ̀kan tutù, èkejì gbẹ, kí èyí tó gbẹ sì tẹ̀ lé e kíákíá, kí omi náà má gbẹ sójú irin. Ẹ máa pààrọ̀ aṣọ títí yóò fi jáde ní funfun. Ibọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ yín láti ibẹ̀ dé òpin. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì, nù ún. Ó ń fi ọ̀rá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pípo epoxy mọ́ omi tó ń mú un le: ẹ ka ara agolo. Òmíràn jẹ́ ìwọ̀n kan sí kan, òmíràn mẹ́rin sí kan, ẹ má fojú díwọ̀n. Àwọn kan fẹ́ kí ẹ fi í sílẹ̀ fún bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú kí ẹ tó fín in.

Ẹ má fín in nígbà tí ìrì ṣì wà. Irin gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n Selsiọsi mẹ́ta gbóná ju ìwọ̀n ooru tí ìrì ti ń sẹ̀ lọ. Nínú òjò, mi ò ń kùn rárá. Àkókò ọyẹ́ dára, àmọ́ ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ta àgọ́ nítorí eruku.

Ẹ fín àwọn etí àti ìṣẹ́po kọ́kọ́, kí ẹ tó kọjá sójú gbalaja. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, pẹ̀lú àlàfo tí agolo bá sọ. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, nítorí àwọn ṣóńṣó irin yẹn á máa yọjú láti inú ọ̀dà, ibẹ̀ ni ìpẹtà yóò sì ti wọlé. Ìbòjú tó ní èédú ni kí ẹ lò, aṣọ lásán kò ṣe é.

Orí epoxy ni fíílà, ohun tí a fi ń dí ojú ibi tó wọ́, ń lọ lọ́dọ̀ mi, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ tí agolo fún yín bá ti kọjá, ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà 180 yún epoxy náà. Kí ẹ sì má gbé e sínú oòrùn fún oṣù púpọ̀ láìkun ọ̀dà sórí rẹ̀, nítorí ojú epoxy á di ẹfun.