Bí A Ṣe Ń Mú Àlejò Wo Ìlú Kékeré Ẹ̀gbẹ́ Òkè ní Rẹ́mọ

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rẹ́ tàbí àna bá ti Èkó wá kí wa, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi wá kí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní tó ṣú: "Kí lẹ ní níbí tí èèyàn lè wò?" Ẹni tó bá dáhùn pé kò sí nǹkan kan ti tàbùkù ìlú rẹ̀, ẹni tó bá sì kó àlejò náà sínú ọkọ̀ tó ń wà á yí ìlú ká kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Èmi náà ti ṣe é rí. Mo fi ọkọ̀ gbé ọ̀rẹ́ mi kan láti ìsàlẹ̀ odò dé orí òkè lọ́sàn-án gangan. Ìrìn náà kò gbà wá ju ìṣẹ́jú 12 lọ, ohun tó sì rí kò ju páànù tó ti dípẹtà àti ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ àtíbàbà lọ. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé tó ń mú un rìn ni yóò bá a là á. Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é nísinsìnyí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, ẹni tó bá sì ń gbé ní ìlú mìíràn ní Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú tí ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ yóò rí èyí tí yóò mú lò nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ ó mú ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé bóyá orò yóò jáde láàárín àkókò náà, pàápàá bí obìnrin bá wà lára àwọn àlejò yín, nítorí pé obìnrin kò gbọdọ̀ rí orò, èyí tó bá sì gbọ́ ìró rẹ̀ yóò wà nínú ilé títí tí yóò fi kọjá. Bí ẹ bá ní í lọ́kàn láti dé apá Ìjẹ̀bú ní àkókò ọdún Agẹmọ, ìkìlọ̀ kan náà ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ojú pópó kí ẹ tó máa wá ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi ṣàlàyé. Ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó kúrò nílé wọn, kí ẹni tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn lè mú ọjọ́ mìíràn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ọjọ́ ọjà. Ọ̀pọ̀ ọjà wa ṣì ń lọ ní ọrọọrún, èyí tó túmọ̀ sí pé bí a bá ná an lónìí, a ó ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ karùn-ún ni a ó tún ná an. Kò bá ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje rìn rárá: ọjà tí a ná lọ́jọ́ Ajé yóò bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, èyí tó tẹ̀ lé e yóò sì bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àlejò tó bá fi kàlẹ́ńdà orí fóònù rẹ̀ wá ọjà yóò bá ìso òfìfo níbẹ̀. Ní ti ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn tó ń ṣe òkú àgbà ti gba gbogbo ojú ọ̀nà kalẹ̀, àyàfi bí àlejò yín bá fẹ́ràn àríyá ju ìrìn lọ.

Kí aago méje àárọ̀ tó lù ni kí ẹ ti bọ́ sójú ọ̀nà, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré gun orí òkè ná, nítorí pé wọ́n rò pé ibi gíga nìkan ni ìran wà, ṣùgbọ́n ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kò lè yé ẹni tí kò bá mọ ibi tí omi rẹ̀ wà. Ìsàlẹ̀ ni odò wà, òkè ni ilé wà, gbogbo omi tí ìlú mu láyé àtijọ́ sì ni wọ́n fi orí rù gòkè. Nísinsìnyí a ti ní kànga ẹ̀rọ, síbẹ̀ bí iná ọba kò bá sí, tí kò sì sí owó epo jẹnẹrétọ̀, ẹ óò rí àwọn ọmọdé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí òṣùká. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí àlejò gbé kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan láti etí odò dé ojúlé kẹta. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ tí yóò yé e ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó ni kẹ́ẹ̀gì yóò máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, àlejò yóò sì mọ ìdí tí ìyá àgbà kan fi lè bínú bí ẹnikẹ́ni bá da omi ìṣanwọ́ nù láìnídìí.

Bí ẹ ti ń gòkè, ẹ fi ipa àgbàrá hàn án. Òwe tó sọ pé àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un, kì í ṣe òwe lásán níbi tí ilẹ̀ ti dà. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí òjò ti gbẹ́ ìdí rẹ̀, kí ó rí bí ìpìlẹ̀ tó yẹ kó wà lábẹ́ ilẹ̀ ṣe yọ síta tó sì ga dé orúnkún èèyàn, àti bí onílé ṣe fi táyà ọkọ̀ tó ti gbó, tí ó rọ iyanrìn kún, dí i. Ẹ mú un yí ẹ̀yìn ilé ká pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni ẹnu ọ̀nà iwájú rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n tí ẹni tó bá gba ẹ̀yìn jáde yóò sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́fà tàbí méje kó tó kan ilẹ̀. Lára àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, àwọn kan wà tí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n parí wọn sí iwájú orí, òmíràn sì ní orúkọ ẹni tó kọ́ ọ. Owó obì àti owó kòkó ló kọ́ púpọ̀ nínú wọn.

Ìkíni kò ṣe é fò. Ẹ kọ́ àlejò ní ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìjókòó àti ẹ kú iṣẹ́ kí ẹ tó jáde, nítorí pé ẹni tó bá kọjá níwájú àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìyanu ti ba ìrìn yín jẹ́, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ kọ́kọ́ yà kí ọba tàbí baálẹ̀. Ọkùnrin yóò ṣí fìlà, yóò dọ̀bálẹ̀, obìnrin yóò kúnlẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń na ọwọ́ sí Kábíyèsí pé kí wọ́n bọ òun lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣìṣe nìyí. Obì tí a ń mú lọ fún àgbà láti fi ṣe àdúrà ni àbàtà, èyí tó máa ń ní awẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olójú mẹ́rin ni wọ́n sì fẹ́ràn jù. Gbànja, aláwẹ́ méjì, dùn ún jẹ lẹ́nu, òun náà ló sì sọ àwọn èèyàn wa di olówó, ṣùgbọ́n kò ṣe é bọ. Mo ti rí ọmọ Rẹ́mọ gan-an tó gbé gbànja síwájú àwọn àgbà. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì rán ọmọdé lọ ra àbàtà.

Níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ ti kan obì, ilé alóbì ni kí ẹ lo àkókò sí jù, pàápàá láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá tí obì máa ń pọ̀. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ màmá tó ni iṣẹ́, kí ẹ sì jókòó. Ẹ óò rí i tí wọ́n fi àdá la apó obì láì jẹ́ kí ẹnu àdá kan èso inú rẹ̀, nítorí pé èyí tí àdá bá ti hà kì í pẹ́ bàjẹ́. Èso tó jáde ní awọ funfun lára, wọn yóò rẹ ẹ́ sínú omi títí awọ náà yóò fi rọ̀ tí yóò sì máa bọ́ lọ́wọ́, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò jẹ́ kí omi ro kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìṣàyẹ̀wò, èyí tí mo lè fi wákàtí kan wò. Màmá yóò gbé obì kọ̀ọ̀kan sókè, yóò yí i lẹ́ẹ̀kan láàárín ìka méjì, yóò sì jù ú sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ihò kòkòrò tí kò tó orí abẹ́rẹ́, tí èmi kò rí bí mo tilẹ̀ mú un dé ojú, ojú rẹ̀ ti rí i. Èyí tó bá yege ni wọ́n ń kó sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tútù tẹ́ nínú, wọn yóò sì máa pààrọ̀ ewé náà kí obì má baà gbẹ tàbí kí ó rà. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ báyìí, ó lè lo oṣù púpọ̀ kí ó tó di ti ọlọ́jà. Nítorí gbànja yìí ni àwọn Hausa fi tẹ̀dó sí Sàbó ní Ṣàgámù, tí wọ́n ń kó o lọ sí òkè ọya.

Ebi yóò ti máa pa yín. Ìkọ́kọrẹ́ ni kí ẹ fún àlejò, ewùrà ni a sì fi ń ṣe é, kì í ṣe iṣu. A ó rin ewùrà lára páànù tí a fi ìṣó lu, a ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Bí ó bá ṣàn jù, a kò ní bu omi sí i mọ́. Nínú ìkòkò, epo pupa, ata, edé, pọ̀nmọ́ àti ẹja yíyan yóò ti hó pọ̀, a ó wá máa fi ọwọ́ bu ewùrà náà sínú rẹ̀ ní ṣíṣù-ṣíṣù. Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nìyí: ẹ má fi ọmọrogùn kàn án. Ẹ dín iná kù, ẹ dé e fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kí àwọn ṣíṣù náà lè dì, lẹ́yìn náà ni ẹ ó rọra rò ó, kí díẹ̀ lè yọ́ mọ́ ọbẹ̀, kí ìyókù sì wà ní kókó-kókó. Àwọn kan ń fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́. Àlejò yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí ó tọ́ ọ wò.

Orí òkè ló kàn, ẹ gùn ún nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Níbẹ̀ ni mo máa ń pa ìtàn sí, torí pé ẹni tó jókòó lórí òkúta tó ń mí gúlegúle kò lè sá. Mo máa ń sọ fún un pé ogun ló mú kí ọ̀pọ̀ ìlú Rẹ́mọ, Ọ̀fin àti Màkún wà lára wọn, kó ara wọn jọ sí ojú kan ní 1872, tí ibẹ̀ sì di Ṣàgámù. Pé láyé ìgbà náà àlejò kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá láìgba àṣẹ, nítorí pé ọ̀nà òwò láti etí òkun wá sókè wà lọ́wọ́ wọn. Àti pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí wà lára ohun tó fa ogun Ìmàgbọ́n pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Àlejò tó ń rìn fàlàlà lónìí kò mọ̀ pé wọn ì bá ti dá òun padà lẹ́nu bodè. Bí àyè bá ṣẹ́ kù lọ́jọ́ kejì, Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909, níbẹ̀ náà sì ni wọ́n sin wọ́n sí.

Nígbà tí àlejò bá ń padà, ẹ sìn ín dé ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ máa juwọ́. Ẹ di gàrí Ìjẹ̀bú fún un, èyí tó kan dáadáa tó sì kúnná. Bí ẹ bá fún un ní obì pẹ̀lú, ewé ni kí ẹ fi wé e, kí ẹ sì gba ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tó bá fẹ́ kó o sí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé inú náílọ́ọ̀nù ni obì ti ń làágùn, kí ó sì tó pé ọjọ́ mẹ́ta ní Èkó, ó ti hu funfun.