Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ tí a bá ń dáwó fún ìwádìí àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní mú un. Láti ìgbà náà ni mo ti wà lára àwọn tó ń kó owó jọ ní London níbí fún ìwádìí tí yóò wo àìsàn náà sàn. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí owó tí ọmọ Yorùbá fi tọkàntọkàn sílẹ̀, tí kò sì ṣe iṣẹ́ tí a rán an.

Tí mo bá ní kí ènìyàn dáwó, “Ẹ ní kó dín ṣúgà kù” lèsì tí mo máa ń gbọ́ jù. Ẹ má ṣe da oríṣi kìíní pọ̀ mọ́ oríṣi kejì. Ṣúgà kọ́ ló fa ti ọmọ wa. Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó bá àrùn jà ló yíjú pa sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, nínú pancreas, ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn ikùn. Ẹni tó bá rò pé oúnjẹ ló fà á kò ní rí ìdí tí òun yóò fi dáwó fún ìwádìí. Ẹ bèèrè pẹ̀lú, irú àtọ̀gbẹ wo ni àjọ aláàánú tí ẹ fẹ́ fún lówó ń ṣiṣẹ́ lé lórí: gbogbo oríṣi àtọ̀gbẹ ni Diabetes UK ń ṣiṣẹ́ lé lórí, oríṣi kìíní nìkan ni ti Breakthrough T1D. JDRF ni wọ́n ń pe èyí tẹ́lẹ̀, 2024 ni wọ́n yí orúkọ padà, nítorí náà ẹ má sọ pé gbájúẹ̀ ni.

Gbájúẹ̀ gidi wà lórí WhatsApp: ẹni tó ní àgbo òun ń wò ó, pé owó díẹ̀ ló kù kí ìwádìí òun parí. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Èyí tó burú jù ni kí ó ní kí ọmọ dá abẹ́rẹ́ ínsúlínì dúró. Ọjọ́ mélòó kan péré ti tó kí ìyẹn gba ẹ̀mí ọmọ. Ní England àti Wales, ọ̀fẹ́ ni kí ẹ wo orúkọ àjọ aláàánú àti ìṣirò owó rẹ̀ nínú ìwé Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn aláàánú.

Àṣìṣe tó dùn mí jù, inú ẹgbẹ́ tiwa ló ti ṣẹlẹ̀. A dá £1,200 níbi ayẹyẹ kan. Akápò fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ láti àkáǹtì ara rẹ̀, ó sì fi àmì sí Gift Aid, ètò tí ìjọba fi ń fi owó kún ọrẹ àánú. Ohun rere ló rò pé òun ń ṣe, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á. Owó tí ẹni tó ń san owó orí bá mú jáde lápò ara rẹ̀ ni ìjọba ń fi pẹ́ńsì 25 kún lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, owó ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í ṣe owó akápò. Ká ní a ti gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àjọ náà ṣáájú ọjọ́ ayẹyẹ, kí kálukú kọ orúkọ, àdírẹ́sì ilé àti iye tó dá, kó fi àmì sí i fúnra rẹ̀, ìjọba ì bá fi tó £300 kún un. Ẹni tí owó orí rẹ̀ lọ́dún náà kò bá tó iye tí ìjọba máa fi kún un kò gbọdọ̀ fi àmì sí i o, torí HMRC, iléeṣẹ́ owó orí, lè ní kó wá san ìyókù. Owó tíkẹ́ẹ̀tì àríyá kò sí níbẹ̀. Èyí tí a ná mọ́ olọ́jọ́ ìbí lórí ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè fi orúkọ ara rẹ̀ gba Gift Aid lé e.

Àwọn kan a tún dáwó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní, “Ṣé wọn ò tíì rí ìwòsàn rẹ̀ ni?” Ní 1922, ní Toronto ní Canada, ni Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì àkọ́kọ́. Ní 2000 ni àwọn dókítà ní Edmonton, ní Canada kan náà, ròyìn ènìyàn méje tí wọ́n fún ní sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì láti ara ẹni tó ti kú, tí wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́. Ní 2022, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn teplizumab, tó ń mú kí àìsàn náà pẹ́ ní nǹkan bí ọdún méjì kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 ni ìròyìn zimislecel dé, sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì tí wọ́n ṣe ní yàrá ìwádìí: nínú ènìyàn 12, 10 kò gba ínsúlínì mọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ má sì torí èyí kéde pé ó ti tán. Àwọn ènìyàn náà ṣì ń lo oògùn tó ń dẹ àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́, a kò sì ní fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa lo irú rẹ̀ títí ayé. Bí sẹ́ẹ̀lì náà yóò ṣe máa wà láàyè láìsí oògùn yẹn ni ìwádìí tí a ń dáwó fún báyìí.